Iṣẹ́ Tí Mo Rán Ìyàwó Wa Lójú Àlejò Rẹ̀

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà tí mo di ọkọ obìnrin tó ń wa hẹlikópítà lójú ogun. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa ní Lagos Town, àdúgbò àwa Yorùbá ní Accra, nìyẹn: gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá bá nínú ilé, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ obìnrin, ìbáà ṣì máa wọ yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló fẹ́ ẹ, ó sì bá mi nílé, nítorí náà èmi ọmọbìnrin náà di ọkọ. Èmi ni mo kéré jù nínú àwọn ọkọ rẹ̀, èmi náà ni mo sì ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo ti wá ọ̀nà tó rọrùn ju èyí lọ láti fi sọ ọ́, mi ò rí.

Ọmọ Ga, àwọn onílẹ̀ Accra, ni ìyàwó wa, ọmọ Jamestown létí òkun, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń yan ẹja títí di òní. Ó wọṣẹ́ ológun, wọ́n kọ́ ọ láti máa wa hẹlikópítà, wọ́n sì fi í kún àwọn tó lọ pẹ̀tù síjà ní orílẹ̀-èdè kan tí ogun ti ń jà. Lọ́jọ́ kan níbẹ̀, ogun ká àwọn ènìyàn mọ́ inú ilé-ìwé kan: àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́, àwọn aboyún, àwọn arúgbó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló balẹ̀ sórí pápá bọ́ọ̀lù ilé-ìwé náà lọ́jọ́ ọ̀hún, tí wọ́n ń yìnbọn sí i lálọ àti lábọ̀. Nígbà kẹta, ihò ti wà lára hẹlikópítà náà níbi mélòó kan. Ó kó gbogbo wọn tán kó tó sinmi. Nígbà tó padà dé Accra, wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ akọni sí i láyà, rédíò sì sọ ọ́ sọ ọ́ títí ìyá mi, tó ń ta ọṣẹ ní Adabraka, fi mọ ìtàn náà sórí.

Ẹ̀rọ amúlétutù ni ẹ̀gbọ́n mi ń tún ṣe. Ó lọ tún ọ̀kan ṣe ní bárékè wọn, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bí iṣẹ́ náà ti yẹ kó pẹ́ lọ.

Ìyá mi ò kọ́kọ́ gbà. Kì í ṣe torí pé ọmọ Ga ni. Ohun tó ń kọ ọ́ lóminú ni pé ẹni tó ti ń pàṣẹ fún ọkùnrin, ṣé yóò lè kúnlẹ̀ kí ọmọ ilé? Ó bi í bẹ́ẹ̀ lójú ara rẹ̀, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi mú un wá. Ìyàwó wa fi Twi, èdè tí gbogbo Accra ń sọ, dá a lóhùn pé, "Mama, níbi iṣẹ́ wa, ẹni tó bá fi ọjọ́ kan ṣáájú mi wọlé, ọ̀gá mi ni, kódà kí n bí i lọ́mọ. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ kí i. Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tiyín náà ṣe rí?" Ìyá mi wò ó, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìyàwó wa lọ tán, ìyá mi ní, "Eléyìí mọ ilé wa ju ẹ̀yin tí mo bí síbẹ̀ lọ."

Òtítọ́ ni. Ó ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ìkíni Yorùbá sí: ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ọjà, ẹ kú àná, ẹ kú ìnáwó. Tó bá ti lo ọ̀kan, á fi báírò fa ìlà sí i. Ó ní bí àwọn ṣe ń ṣe nìyẹn kí hẹlikópítà tó gbéra: ohun gbogbo ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kì í gbẹ́kẹ̀ lé ọkàn lásán. Nígbà tí ìyá mi sọ fún un pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, pé á wá orúkọ mìíràn fún un ni, kò tiẹ̀ ronú. Ó nàka sí mi, ó ní, "Ọ̀gá Kékeré." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, orí mi sì wú.

Orí mi wú jù. Obìnrin tó fi ọdún mẹ́rìnlá jù mí lọ ń sọ "ẹ" fún mi, èmi ń sọ "o" fún un. Ní òpin ọ̀sẹ̀ tó bá ti bárékè dé, màá rán an lọ ra kẹ́nkè, oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n ń pọ́n sínú ewé. Màá ní kó bá mi gbé ṣájà fóònù mi wá láti yàrá kejì, nígbà tí kò sóhun tó ṣe ẹsẹ̀ mi. Á ní, "Ó dáa, Ọ̀gá Kékeré," á lọ, á bọ̀. Kò fojú burúkú wò mí rí. Mo rò nígbà náà pé ìyẹn túmọ̀ sí pé kò dùn ún. Mo máa ń dùbúlẹ̀ sórí àga, màá máa ronú pé ẹni tí rédíò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń bó kẹ́nkè mi kúrò nínú ewé, inú mi á sì máa dùn ṣìnkìn.

Lọ́dún kejì ìgbéyàwó wọn, wọ́n yàn án pé òun ni yóò ṣe olórí àwọn awakọ̀ hẹlikópítà tó ń padà lọ sí orílẹ̀-èdè tí ogun wà yẹn. Obìnrin kankan ò tíì ṣe é rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù kí wọ́n gbéra. Ipò náà wù ú paa, kò sì fi í bò. Àwọn ènìyàn kan ṣì wà níbẹ̀ tí kò ráyè lọ kó lọ́jọ́ ilé-ìwé yẹn, ní abúlé tó wà ní òdìkejì odò, ó sì mọ orúkọ abúlé náà. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ìgbà gbogbo tí òun bá di ojú, òun máa ń rí ọ̀nà tó lọ síbẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, mẹ́rin nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ̀lé e wá kí wa sílé. Ibi àyẹyẹ kan ni wọ́n ti ń bọ̀, nítorí náà aṣọ iṣẹ́ ló wà lọ́rùn gbogbo wọn, àmì ẹ̀yẹ náà sì wà láyà rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń jókòó tì í nínú hẹlikópítà, igbákejì rẹ̀, tí wọ́n sì jọ fẹ́ padà lọ. Ìyá mi gbé málíìtì àti bọ̀fùrọ́ọ̀tì, tó dà bíi pọ́fùpọ́fù, fún wọn lágbàlá. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ Twi, wọ́n ń sọ Ga.

Èmi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú fóònù mi. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta la jọ wà nínú gúrúùpù kan lórí rẹ̀, wọ́n sì ti ń pè mí ní òpùrọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Wọn ò gbà pé ìyàwó wa ni akọni inú rédíò. Mo kọ ọ́ sí wọn pé ó wà nílé báyìí, pẹ̀lú mẹ́dàlì láyà. Ọ̀kan kọ ọ́ padà pé, "Tó bá jẹ́ ìyàwó rẹ, rán an níṣẹ́ ká rí i." Mo gbé fóònù mi ti ojú fèrèsé, mo jẹ́ kó máa ká fídíò, mo lọ jókòó sórí àga ìyá mi, mo sì pariwo, "Ìyàwó!"

Ó wá. Ó bọ́ fìlà rẹ̀ sọ́wọ́, ó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀, aṣọ iṣẹ́ àti gbogbo ẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá Kékeré, mo dé."

Mo ní, "Bá mi gbé sálúbàtà mi."

Sálúbàtà náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo lè fi ẹsẹ̀ fà á. Ó wò mí ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó dìde, ó gbé e, ó tò ó síwájú mi, tọ̀tún sí ọ̀tún, tòsì sí òsì. Lẹ́yìn náà ló padà sọ́dọ̀ àwọn àlejò rẹ̀. Gbogbo wọn ti rí i. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn yíjú sí ògiri. Igbákejì rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí nǹkan yà lẹ́nu. Ìyá mi dúró pẹ̀lú ìgò málíìtì kan lọ́wọ́, ó ń wò mí bí ẹni pé òun kọ́ ló bí mi.

Mo fi fídíò náà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta, mẹ́ta péré, mo sì pa á rẹ́ lórí fóònù mi kí ẹ̀gbọ́n mi má baà rí i. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbogbo Accra ti rí i.

Ìhín ni mo ti ṣe àṣìṣe tí ọmọ ilé wa nìkan lè ṣe. Mo rò pé ohun tí àwa ń rí ni gbogbo ayé ń rí. Àwọn àǹtí wa, láti Ìbàdàn títí dé Kumasi, ń fi àdúrà ránṣẹ́: ìyàwó tó mọ̀wàá hù, Ọlọ́run á fún un lọ́mọ tí yóò kúnlẹ̀ fún òun náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù rí akọni ogun, pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ ìlú wọn láyà, tó ń gbé sálúbàtà fún ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kí ni àwọn Alata yìí, ìyẹn àwa Yorùbá, rò pé àwọn jẹ́? Wọ́n kọ oríṣiríṣi sí abẹ́ rẹ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì ń retí ẹni tí yóò gbèjà mi, kò sí.

Ìyá ìyàwó wa wá láti Jamestown. Òórùn èéfín ẹja wà lára aṣọ rẹ̀, nítorí pé ibi iṣẹ́ ló ti gbéra. Kò bú wa. Ì bá wù mí kó bú wa. Ó dúró láàrin ilé, ó fi Ga sọ fún ìyá mi pé, "Ogun dá a padà fún mi láìní egbò kan." Ìyá mi ní kó jókòó, kò jókòó. Ìyá mi bu omi fún un, ó gbà á, kò mu ún, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ sórí tábìlì, ó lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìyá mi pè wá jọ: ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó wa, èmi. Ó kọ́kọ́ dojú kọ mí. Ó ní ṣé mi ò mọ̀ pé ọjọ́ tí ará ìyàwó bá wá kí i, ọmọ ilé ló ń sìn ín? Ọjọ́ yẹn, èmi ló yẹ kí n gbé omi, kí n gbé àga, kí n máa sọ pé "ìyàwó mi, ẹ jókòó". Bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ nìyẹn, bí òun náà sì ti kọ́ mi nìyẹn. Mo mọ̀. Ohun tó ń tì mí lójú jù nìyẹn títí dòní, pé kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ́ mi ni mo ṣe. Èmi kì í ṣe ọmọ tó ń tẹ̀lé àṣà. Mo fi àṣà ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọ̀rẹ́ mẹ́ta.

Ìyá mi wá béèrè pé, "Ta ló ya fídíò náà?"

Nínú fídíò náà, èmi fúnra mi ni mo jókòó yẹn, gbogbo ènìyàn ń rí mi. Kò sẹ́ni tó rò pé ẹni tó jókòó lè máa ya ara rẹ̀. Mo rí àyè yẹn, mo sì gba ibẹ̀ kọjá. Mo ní, "Ọ̀dọ́mọkùnrin tó rẹ́rìn-ín yẹn ni. Mo rí i tó na fóònù."

Ìyàwó wa yíjú sí mi. "Ọ̀gá Kékeré, ṣé ó dá yín lójú?"

Mo ní, "Ó dá mi lójú."

Ó gbà mí gbọ́. Kò tún bi mí ní nǹkan kan mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé ènìyàn: kì í ṣe ìkúnlẹ̀ ló gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti pè é lórí ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún wa pé ó dáhùn wọn pé òun ń kúnlẹ̀ nílé ọkọ òun bí òun ṣe ń kí wọn níbi iṣẹ́, àti pé eékún òun kọ́ ló ń wa hẹlikópítà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó máa lọ. Ìbá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin wọn kò gbà kí ọmọ abẹ́ ya ọ̀gá rẹ̀ kó sì máa pín in kiri, ìyàwó wa sì kọ̀wé fẹ̀sùn kan igbákejì rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Wọ́n gba fóònù ọmọkùnrin náà, wọ́n sì tì í mọ́lé fún ọjọ́ mélòó kan. Ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́ wo fídíò náà dé òpin. Kò sẹ́ni tó ń wò ó dé òpin, torí nígbà tí mo bá ti wọ sálúbàtà tán, ó dà bíi pé ó ti parí. Nígbà tí wọ́n wò ó dé òpin, wọ́n rí òun náà nínú rẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọjá lọ, ìgò málíìtì lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kejì nínú àpò.

Ìyàwó wa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n sì gba ipò olórí lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó lè fẹ̀sùn kan ọmọ abẹ́ rẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò, kò lè kó ènìyàn lọ sójú ogun. Obìnrin tó ń fi báírò fa ìlà sí ìkíni!

Lọ́jọ́ tí àwọn yòókù gbéra, ilé wa ló wà, ó ń fọ abọ́ lágbàlá. Nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, bàálù ńlá kan kọjá lórí wa. Ó gbé ojú sókè, ó wo agogo ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń bá abọ́ rẹ̀ lọ. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi àti òun nìkan la wà níbẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ. Mo mú aṣọ ìnuwọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu abọ́ tó ti fọ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, Ọ̀gá Kékeré." Mo nu gbogbo rẹ̀ tán, mo wọlé.

Ọdún mọ́kànlá nìyẹn. Ìyàwó wa ṣe iṣẹ́ ológun fún ìgbà díẹ̀ sí i, ó fi í sílẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ bàálù báyìí. Ó ti bí ọmọ méjì. Òun àti ẹ̀gbọ́n mi kò jìnnà sí ilé wa. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan, mo sì máa ń sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Mo sọ ọ́ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí òtítọ́.

Lọ́dún yìí, ìyá mi ní kí n bá òun béèrè sólà fún ṣọ́ọ̀bù òun, torí iná ń dá a láàmú. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Adabraka, kò jìnnà sí tìyá mi. Ọkùnrin tó ni ín wò mí, ó tún mi wò. Ó fi Twi bi mí pé, "Ṣé kì í ṣe ìwọ ni ọmọbìnrin onísálúbàtà?"

Igbákejì ìyàwó wa ni. Ó ti sanra, ó ti fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀. Inú kò bí i sí mi rárá. Ó fa àga fún mi, ó ní ọmọdé ni mí nígbà náà. Ó wá ní ohun kan wà tí òun ti ń fẹ́ bi ẹnì kan nínú ilé wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ó ní, "Lọ́jọ́ tí wọ́n dá mi láre, mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bi ìyàwó yín pé ta ló sọ fún un pé èmi ni. Wọ́n ní kó sáà dárúkọ ẹni náà, ẹ̀bi á kúrò lọ́rùn rẹ̀, kó sì máa mú ipò rẹ̀ lọ. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun. Ó ní ojú òun ló tan òun jẹ. Mo sì mọ̀ pé irọ́ ni, torí ẹ̀yìn ló kọ sí mi ní gbogbo ìgbà yẹn. Kí wá ni mo ṣe fún un tó fi fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kàn mí? Ó bẹ̀ mí lójú wọn, mi ò dá a lóhùn. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí tí mo fi kúrò níbẹ̀." Ó fọwọ́ nu ojú tábìlì tí kò dọ̀tí. "Ẹ̀gbọ́n ni mo fi í ṣe. Ta ló sọ fún un?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀."

Lẹ́yìn èyí ni mo tún béèrè pé èèló ni sólà náà. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́.

Ẹsẹ̀ mi gbé mi dé ilé ìyàwó wa ní Lagos Town. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo pẹrẹsẹ. Ó ní, "Ọ̀gá Kékeré, ẹ káàbọ̀, ẹ kú oòrùn." Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, mi ò dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, fóònù ojú fèrèsé, ọ̀rẹ́ mẹ́ta, irọ́ tí mo pa mọ́ ọmọkùnrin náà, títí dé ìbéèrè tó bi mí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lónìí. Mo ń sunkún. Kò rẹ̀ mí lẹ́kún.

Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo ní láti ìgbà wo?

"Ìgbà tí ọmọkùnrin yẹn ní kí wọ́n wo fídíò náà dé òpin ni èmi náà tó jókòó wò ó dáadáa. Àwòrán yẹn ò mì rárá. Ọwọ́ ènìyàn máa ń mì. Mo mọ̀ pé wọ́n gbé e ti nǹkan ni, mo sì mọ fèrèsé wa."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa sọ "ẹ" fún un.

"Wọn ìbá wá mú yín nílé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Àti pé èmi ni mi ò yẹ̀ ẹ́ wò." Ó ju òkúta kan nù láti inú ẹ̀wà. Ó wá gbé ojú sókè. "Ọmọkùnrin yẹn bi yín lónìí. Kí lẹ wí?"

Mo ní, "Mo ní mi ò mọ̀."

"Lónìí?"

"Lónìí."

Nínú gbogbo ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò rí ìbínú lójú rẹ̀ rí. Mo rí i lọ́jọ́ náà. Kò pariwo. Ó bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni mí báyìí. Mo ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó gbé àwo ẹ̀wà náà sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó ní, "Ọ̀gá Kékeré, mo fẹ́ rán yín níṣẹ́." Kò rán mi níṣẹ́ rí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa.

Mo wọ trótró, bọ́ọ̀sì akérò, padà sí Adabraka. Oníbàárà méjì ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà, ó ní kí n dúró díẹ̀. Mo mọ̀ pé tí mo bá dúró, mi ò ní sọ ọ́. Mo sọ ọ́ lójú wọn, pé èmi ni mo yà á, èmi ni mo sì sọ fún ìyàwó wa pé òun ni. Àwọn oníbàárà náà ń wo ara wọn. Ọkùnrin náà ní, "Ó mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bi í?"

Mo ní, "Ó mọ̀."

Ó jókòó sórí páálí kan. Ó ní, "Ó sì bẹ̀ mí." Ó tún un sọ. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní òun ò ní nọ́ńbà rẹ̀, òun ti pa á rẹ́ tipẹ́. Mo pe ìyàwó wa lórí fóònù mi, mo sì gbé e fún un. Bó ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀, ó dìde dúró ṣánṣán, ọwọ́ kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtan, láàrin páálí àti wáyà. Mo gbọ́ tí ìyàwó wa ń sọ "Hẹ́lòó? Hẹ́lòó? Ọ̀gá Kékeré?" láti inú fóònù náà.

Mo jáde síta. Wọ́n pẹ́ púpọ̀ níbẹ̀. Àwọn oníbàárà náà jáde, wọ́n kọjá lára mi, wọn ò kí mi. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ẹ̀rín ọkùnrin náà láti inú ṣọ́ọ̀bù. Fóònù mi ni, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti wọlé lọ gbà á.